Má Gbé Jímọ̀ Kúrò ní Ìfọ̀

Mowe,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àṣàkẹ́ mi, Ọmọ́tọ́lání,

Mo kí ọ, mo kí Kọ́lá ọkọ rẹ, mo sì kí ilé tuntun yín ní Ìbogùn. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá omi kànga yín ti ń tòrò, torí ó mọ̀ pé tí mo bá ti wọnú ọ̀rọ̀ mi, n kò ní rántí mọ́. Mo ti béèrè. Ó dọwọ́ rẹ.

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín pé lẹ́tà ni mo kọ, nígbà tí gbogbo ayé ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo gbìyànjú ẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ sínú fóònù náà títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ìyá rẹ ní ṣe ni mò ń pariwo bí ẹni tó ń pe èrò sọ́kọ̀. Nígbà tí mo sì fẹ́ gbọ́ ohun tí mo sọ, mo tẹ ibi tí kò yẹ kí n tẹ̀, gbogbo rẹ̀ pa rẹ́. Nítorí náà, bíró àti pépà ni. Kọ́lá á gbà á lọ́wọ́ mi lọ́la tó bá ń ti ilé ìyá rẹ̀ ní Ìbàfò bọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dìde. Lọ́jọ́ Àìkú, o pè wá, o ń sunkún. O ní olóòtú ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé tó fẹ́ tẹ ìwé ìtàn ìfẹ́ rẹ ti kọ̀wé sí ọ. Ó ní òun fẹ́ràn bí o ṣe ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n nǹkan méjì gbọ́dọ̀ yí padà. Ó fẹ́ kí o gbé ìtàn náà kúrò ní téṣàn rélùwéè Ìfọ̀ láyé ìjọba òyìnbó, kí o gbé e lọ sí ààfin, torí ààfin ni àwọn tó ń ka ìtàn ìfẹ́ àtijọ́ máa ń béèrè. Ó sì fẹ́ kí Jímọ̀, ọkùnrin inú ìtàn náà, yéé purọ́, torí kò sí obìnrin tó máa fẹ́ràn ọkùnrin tó bá hu irú ìwà tó hù ní orí kẹsàn-án. Ó fún ọ di ọjọ́ Ẹtì. Tí o kò bá ṣe é, á dá ìwé náà padà. O ní o ti ṣí orí kẹsàn-án sójú kọ̀ǹpútà, o fẹ́ pa á rẹ́. Mo ní kí o dúró ná. Ohun tí mo ní kí o dúró gbọ́ nìyí.

Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé. Iṣẹ́ sígínà rélùwéè, àmì tó ń sọ fún ọkọ̀ bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ, ni mo kọ́. Mo kọ́ ọ nílé, mo kọ́ ọ lókè òkun, mo sì ń fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn títí mo fi fẹ̀yìn tì. O fún mi ní ìwé rẹ kí n lè yẹ ọ̀rọ̀ rélùwéè inú rẹ̀ wò bóyá ó tọ̀nà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo wá rí ni pé àṣìṣe rélùwéè inú rẹ̀ àti ohun tó ń dun olóòtú rẹ, nǹkan kan náà ni. Ṣe sùúrù fún mi, màá dé ibẹ̀. O mọ̀ pé n kò lè ṣàlàyé nǹkan láìbẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ tún ìtàn náà sọ, kí o lè mọ̀ bóyá ó yé mi. Mojí ń fi ààrò amọ̀ ṣe búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ téṣàn Ìfọ̀, ó ń tà á fún èrò ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Jímọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá sígínà. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, kò sì sí èyí tó sọ fún èkejì. Obìnrin kan tó ní ilé búrẹ́dì ńlá ní Abẹ́òkúta ránṣẹ́ pe Mojí pé kó wá di igbákejì òun, ó dá ọjọ́ fún un. Lọ́jọ́ náà, Jímọ̀ dá ọkọ̀ dúró ní Ìfọ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí Mojí lọ. Mojí pẹ́ dé ibẹ̀, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò. Ó padà sí Ìfọ̀, kò mọ ẹni tó ṣe é. Ibẹ̀ lo dé. O kò tíì kọ ìparí rẹ̀.

Ó dáa. Ohun kìíní ni ọ̀rọ̀ ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀.

N kò bá ààfin jà. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ léèrè: kí lo mọ̀ nípa ààfin tí ẹlòmíràn kò tíì kọ? Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, olorì tó ń jowú, ìránṣẹ́ tó ń yọjú lójú fèrèsé. Gbogbo wa la ti débẹ̀ nínú ìwé, a mọ ibi tí àga wà. Ṣùgbọ́n Ìfọ̀ ìgbà yẹn, níbi tí ojú irin ti pín, tí ọ̀kan kọrí sí Abẹ́òkúta, tí èkejì yà lọ sí Ìlaròó! Èrò ń sọ̀ kalẹ̀ láti pààrọ̀ ọkọ̀, ebi ń pa wọ́n, wọn ò mọ ìgbà tí ọkọ̀ kejì máa dé. Irú ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ti máa ń ṣẹlẹ̀. Èèyàn ò níṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ ju kó máa wo èèyàn lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá mú òǹkàwé lọ sí ibi tí kò dé rí, ojú rẹ ló fi ń ríran níbẹ̀. Tí o bá ṣì í lọ́nà lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbà ọ́ gbọ́ mọ́. Ní ojú ìwé kẹrin, Mojí di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ọ̀rá wo láyé ìgbà yẹn, ọmọ mi? Ní orí kejì, Jímọ̀ tan iná yàrá sígínà, iná náà ṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dúró. Iná Mowe nìyẹn. Fún Jímọ̀ ní àtùpà. Jẹ́ kó máa nu gíláàsì rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí òórùn kẹrosíìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí Mojí sì máa pariwo mọ́ ọn pé búrẹ́dì tí Jímọ̀ bá ti fọwọ́ kàn, Jímọ̀ ló máa rà á, torí kò sí ẹni tó máa jẹ búrẹ́dì tó ń rùn bí àtùpà. Ṣé o rí i? Iná lásán ni mo tún ṣe, wọ́n ti ń jà, ó sì ti ń ra búrẹ́dì ju èyí tó lè jẹ lọ.

Àmọ́ má wá kó gbogbo ohun tí o mọ̀ lé wa lórí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, mo kó wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin láti fi bí apá sígínà ṣe ń wá sílẹ̀ hàn wọ́n bí ọkọ̀ bá fẹ́ wọlé. Mo kọ ẹ̀yìn sí ojú irin, mo dojú kọ wọ́n. Mo ṣàlàyé wáyà, mo ṣàlàyé òróró tí a fi ń pa á, mo ṣàlàyé ohun tí oòrùn ń ṣe fún irin. Ọkọ̀ wọlé, ó dúró, ó tún lọ. Ọ̀kan nínú wọn wá nawọ́ sókè, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ká máa dúró de òmíràn ni?” Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá ná kí n tó lanu. Ìwọ náà, jẹ́ ká rí ọkọ̀ ná.

Ohun kejì ni orí kẹsàn-án. Ìwọ kọ ọ́ pé Jímọ̀ mú tókìn, ó fi sápò, ó ní ó sọnù. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ìyá rẹ bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín níbi tí òun ti ń sunkún.

Ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín nìyí. Ojú irin ìgbà yẹn, ẹyọ kan ló wà láàárín téṣàn kan sí èkejì, ọkọ̀ méjì kò sì gbọdọ̀ pàdé lórí rẹ̀. Nítorí náà, dẹ́rẹ́bà kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní téṣàn àfi tí wọ́n bá fi irin kékeré kan lé e lọ́wọ́, tí orúkọ téṣàn méjèèjì wà lára rẹ̀. Irin yẹn ni tókìn. Inú ẹ̀rọ kan ló ń gbé ní Ìfọ̀. Irú ẹ̀rọ náà wà ní Papalántò tó tẹ̀lé e, wáyà sì so wọ́n pọ̀. Tí Jímọ̀ bá fẹ́ yọ tókìn ní Ìfọ̀, á kọ́kọ́ lu aago sí ẹni tó wà ní Papalántò. Ẹni yẹn á dá a lóhùn, á sì di ọwọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀ mú. Ìgbà tó bá dì í mú nìkan ni ti Jímọ̀ lè ṣí. Tí tókìn kan bá sì ti jáde, ẹ̀rọ méjèèjì ti tì pa. Òmíràn ò lè jáde níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún títí èyí tó jáde á fi padà sínú ọ̀kan nínú wọn.

Tí Jímọ̀ bá wá fi tókìn sápò, kì í ṣe ọkọ̀ Mojí nìkan ló dúró. Gbogbo ọ̀nà Papalántò ló dúró, àlọ àtàbọ̀. Àwọn ọ̀gá á dé, wọ́n á tú àpò rẹ̀, wọ́n á lé e lọ, ìwé rẹ á sì parí ní orí kẹwàá.

Ohun tó rọrùn jù lọ ni kí o jẹ́ kó ṣe. Kó má lu aago. Kó jókòó ti ẹ̀rọ, kó káwọ́ gbera. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá wá bi í léèrè, kó sọ gbólóhùn kan péré: “Papalántò ò tíì dáhùn.”

Wo iṣẹ́ tí gbólóhùn yẹn ṣe, Àṣàkẹ́. Irọ́ náà kéré débi pé ẹnikẹ́ni lè pa á. Kò sí ẹni tó máa tú àpò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ló wà ní Papalántò? Sùlè ni. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ ní orí kẹta pé Sùlè ló kọ́ Jímọ̀ níṣẹ́, tó fún un ní ẹní tó ń sùn lé. Sùlè jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ń retí aago. Ní Ìfọ̀, gbogbo èrò ọkọ̀ ń bú u pé ọ̀lẹ ni, oorun ló ń sùn. Mojí ló sì ń bú u jù.

Nígbà tí mo ka èyí sí ìyá rẹ létí, ó gbé abọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà sílẹ̀. Ó ní, “Ọmọ burúkú.”

Mo ní, “Ta ni?”

“Jímọ̀ yín yẹn náà ni. Ẹni tó fún un lẹ́ní!”

“Ṣé kí Tọ́lání yọ ọ́ kúrò ni?”

“Kó yọ ọ́ kẹ̀? Kó lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Sùlè ni! Ẹ sọ fún un.”

Ohun kẹta nìyẹn, ìyá rẹ ti bá mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Olóòtú rẹ ní kò sẹ́ni tó máa fẹ́ràn ọkùnrin tó lábùkù. Ẹ̀rí wà nínú ilé mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. O mọ bí ìyá rẹ ṣe rí sí ìwé. Tó bá ti mọ̀ pé ọmọlúàbí ni ọkùnrin inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á fi ìwé náà bo ìkòkò. Ti Jímọ̀ yìí, nígbà tó ka orí kẹsàn-án tán, ó pòṣé, ó jù ú sórí àga, ó ní òun ò kà mọ́. Nígbà tó ń ro ògì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kàn dédé yíjú sí mi: “Ṣé ọmọkùnrin yẹn tiẹ̀ ti jẹ́wọ́?” Ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn sí èèyàn, tó sì ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ògì, kí la ń pè é?

O sì mọ ìtàn tiwa. Ìyá rẹ kì í jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀ níbi ìkómọ tàbí ìṣílé kankan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sọ fún un pé èmi ni mò ń wa ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ iṣẹ́ ni mí nígbà náà. Inú àpótí aago ni mò ń nù. Mo tiẹ̀ yá fìlà dẹ́rẹ́bà kan láti fi lọ kí i, ó sì tóbi, ó ń bọ́ sí mi lójú. Láàárọ̀ yìí, mo tún bi í pé ìgbà wo ló mọ̀.

“Ọjọ́ kìíní náà ni. Ọwọ́ yín mọ́ jù. Dẹ́rẹ́bà wo ni èékánná rẹ̀ funfun bẹ́ẹ̀ yẹn?”

“Kí ló dé tí o ò lé mi?”

“Ẹ máa ń dé lásìkò. Tẹ́ ẹ bá ní aago mẹ́rin, aago mẹ́rin náà ni. Gbogbo àwọn tó ń wa ọkọ̀ lóòótọ́, kò sí èyí tó ń dé lásìkò nínú wọn.”

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ro ti Jímọ̀. Àbùkù tó yẹ ká fi kọ ìtàn ìfẹ́ kì í ṣe èyí tí a kàn lẹ̀ mọ́ èèyàn lára bí bọ́tìnnì. Inú ohun tó dára jù lára rẹ̀ ló ti ń yọjú. Kí ló dára lára Jímọ̀? Kò dá ọkọ̀ dúró rí. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó fi ń yangàn. Àwọn ará ìlú ń fi ọkọ̀ rẹ̀ mọ aago. Ọkùnrin tó rí bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tó bá dá ọkọ̀ dúró nítorí obìnrin, ó ti fọ́ ohun kan ṣoṣo tó ní mọ́lẹ̀. Tí o bá mú irọ́ yẹn kúrò, kí ló kù? Ọkùnrin kan tó ń lu aago. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ìtọ́jú aago.

Jọ̀wọ́, Mojí náà ńkọ́? Mo rò pé o ń ṣàánú rẹ̀ jù. Láti orí kìíní ni ẹnu rẹ̀ ti mú, kò sì ba nǹkan kan jẹ́ fún un. Àwa òǹkàwé kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Jẹ́ kí ẹnu náà ná an ní nǹkan. Wo bí èmi ì bá ṣe ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní n kì í ṣe òǹkọ̀wé. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la tí Mojí máa lọ, Jímọ̀ wá sídìí ààrò. Ó ti múra ohun tó fẹ́ sọ. Èrò pọ̀ níbẹ̀ tó ń ra búrẹ́dì. Ó ní, “Mojí, ṣé o ò lè dúró díẹ̀ sí i?” Mojí wo àwọn oníbàárà rẹ̀, ó mọ̀ pé wọ́n ń retí kóun sọ ohun tó máa pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kí n dúró ṣe kí ni? Kí n máa bá ẹ ka ọkọ̀?” Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Jímọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó san owó búrẹ́dì, ó gbàgbé búrẹ́dì náà síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá kọ̀ láti lu aago, kò ní í jẹ́ ẹ̀bi ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ẹ̀rọ náà ni mo ń rò nígbà tí mo kọ èyí. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá lágbára tó, kò lè dá yọ tókìn. Ó di kí ẹni tó wà lápá kejì di tirẹ̀ mú. Màá dúró síbẹ̀ yẹn, ìyá rẹ ti ní n kò gbọdọ̀ wàásù.

Kí Jímọ̀ sì jìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n má sán ààrá pa á. Jẹ́ kí ìyà náà ti inú ohun tó ṣe wá. Mojí padà sí Ìfọ̀, ó ń ṣe búrẹ́dì rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í fi orúkọ Sùlè sẹ́nu, kó bú u tìyá-tìyá. Jímọ̀ gbọ́dọ̀ máa ra búrẹ́dì yẹn. Ó gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹ́ nígbà tó bá ń lu aago sí Sùlè.

Ohun kẹrin, tàbí karùn-ún, mi ò kà wọ́n mọ́: máa lọ fi ojú ara rẹ wo ibi tí o ń kọ nípa rẹ̀. Mo lọ sí Ìfọ̀ lánàá. Má bínú pé n kò yà sọ́dọ̀ yín. Tí mo bá yà, wàá gbé ìyán fún mi, màá sùn, n kò sì ní rí ohun tí mo bá wá. Ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Nínú ìwé rẹ, Jímọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń gba ojú fèrèsé wo Mojí níbi tó jókòó lé ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ tó dá ọkọ̀ dúró. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe.

Mo dé ibi ilé téṣàn àtijọ́, mo dúró síbi tí yàrá sígínà wà, mo ń wo ògiri, mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Obìnrin kan ń sá láfún sórí ẹní nítòsí ibẹ̀. Ó wò mí títí.

“Ẹ káàsán o, Bàbá. Ilẹ̀ lẹ̀ ń wá rà ni?”

“Rárá o. Mò ń wá ibi tí Jímọ̀ máa ń jókòó sí.”

“Jímọ̀ fọkanáísà? Kò sí níbí o, ó wà létí títì. Ó ti gba owó yín ni?”

Mo ní kò gba owó mi, mo ní Jímọ̀ inú ìwé ni, ọmọ mi ló kọ ọ́. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó jẹ́ pé ilẹ̀ ni mò ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ìtàn náà fún un dé ibi tí ọkọ̀ ti dúró, ó nuwọ́ sí ìró rẹ̀, ó ní, “Kí ni kí n ṣe?” Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ dúró níbi tí èrò ti máa ń wọkọ̀, kó ṣe bíi Mojí. Èmi dúró síbi fèrèsé. Mo wò títí, n kò rí i. Igun ilé náà dí mi lójú pátápátá. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ dáadáa.

“Bàbá, ṣé ẹ̀ ń rí mi?”

“N ò rí ẹ o!”

“Mo ti dúró o! Ṣé kí n máa bínú ni, àbí kí n máa sunkún?”

“Máa bínú!”

“Ha! Ìyẹn ò le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé yẹn, ẹ ò ní í dáa! Ọkọ̀ ọ̀hún dà? Ṣé ẹ kú síbẹ̀ ni?”

Ọmọ mi! Èmi tí n kò ṣe nǹkan kan, mo fẹ́ jáde lọ bẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé àṣìṣe tó tóbi jù nínú ìwé rẹ nìyẹn. Jímọ̀ ò lè rí i. Ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ni, ohùn náà ń bú Sùlè tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kò sì lè rí ojú rẹ̀ àfi tó bá dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, tó bá jáde.

Lọ́jọ́ tó dá ọkọ̀ dúró, kó má jáde. Nínú gbogbo ohun tó ṣe, èyí ló burú jù, ju irọ́ lọ. Tí iṣẹ́ mìíràn bá wá pe Mojí láti Abẹ́òkúta níkẹyìn, tí ọkọ̀ sì ń dúró, jẹ́ kó lu aago. Jẹ́ kí Sùlè dáhùn. Jẹ́ kó yọ tókìn, kó má sì rán ẹnikẹ́ni. Kó gbé e jáde fúnra rẹ̀, kó yípo igun ilé yẹn, kó gba iwájú Mojí kọjá, kó sọ ohun tó ṣe fún un lójú gbogbo èrò tó ń bú Sùlè, kó sì lọ fi tókìn lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ kí ọkọ̀ lè máa lọ. Bóyá Mojí wọkọ̀, bóyá kò wọ̀ ọ́, bóyá ó lọ tó sì padà wá, iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn. Ojú irin nìkan ni mo mọ̀.

Ó wá ku olóòtú rẹ. Má bá a jà, má sì kọ lẹ́tà gígùn bíi tèmi sí i. Ó ka ìwé rẹ dé orí kẹsàn-án, ohun kan sì dùn ún níbẹ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn, torí òótọ́ ló sọ: orí kẹsàn-án bó ṣe wà yẹn kò dára. Jímọ̀ purọ́, irọ́ náà kò sì ná an ní kọ́bọ̀. Ó mọ ibi tó ń dun ìwé náà. Oògùn ààfin tó kọ fún un ni kò bá a mu. Nítorí náà, má pa orí náà rẹ́. Tún un kọ. Ọjọ́ kan gbáko ṣì wà níwájú rẹ. Sọ fún Kọ́lá kó se oúnjẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrú. Fi orí tuntun náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kí o sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé o fẹ́ kó ka èyí kó tó pinnu.

Ó lè kọ̀. N kò ní tàn ọ́. Tó bá kọ̀, ìwé náà á padà wá sọ́wọ́ rẹ, wàá sì wá ẹlòmíràn tó máa tẹ̀ ẹ́, ó sì lè pẹ́. Tí o bá rò ó títí tí o sì gbé e lọ sí ààfin, ọmọ mi náà ni ọ́, màá rà á, màá sì gbé e sí ibi tí àlejò á ti rí i. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ ọ́, má ṣe é nítorí pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Mo mọ ohùn rẹ lọ́jọ́ Àìkú. Kì í ṣe ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àṣìṣe rẹ̀ hàn. Ohùn ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ sin ohun tó fẹ́ràn ni. Mo ti ka orí mẹ́jọ àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tó fẹ́ràn Ìfọ̀ ló kọ wọ́n, ó sì fẹ́ràn ọkùnrin yẹn pẹ̀lú irọ́ rẹ̀.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọkàn tó balẹ̀, á sì jẹ́ kí iná wà ní Ìbogùn títí wàá fi kọ ọ́ tán. Ìyá rẹ ń na ọwọ́ sí bíró. Ó ní gbogbo ohun tó yẹ kóun sọ ni mo fi gígùn lẹ́tà gbà lọ́wọ́ òun.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

Tọ́lání, èmi ìyá rẹ nìyí. Bàbá rẹ ò jẹ́ kí pépà kù. Má sọ Jímọ̀ di ọmọ ọba fún mi. Mo ti bá a bínú fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ta ni kí n wá máa bá bínú láàfin? Omi kànga yẹn, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún. Bàbá rẹ rò pé òun mọ bó ṣe máa parí, ó fẹ́ sọ ọ́ fún mi, mo dí etí. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí o sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Mojí dá a lóhùn. Kọ ọ́, kí n kà á.